Ìmẹ́sẹ̀tọ́ àti Ìmẹ́sẹ̀dọ́gba: Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Yíyan Ibi tí a ó ti Tún Ìdúró Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Ṣe ní Ìjànikin

1. Ìfáárà

Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó wà lẹ́nu ẹni tí ó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ nígbà tí ó bá ń wá ibi tí wọn yóò ti bá a tún ìdúró ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́ a máa ba táyà jẹ́, a máa jẹ epo, a sì máa ṣòro í darí lórí eré. Ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ kò lè béèrè. Ẹni tí kò sì lè béèrè, ohun tí oníṣẹ́ bá fún un ni yóò gbà, iye tí ó bá sì pè ni yóò san.

Ìlú Ìjànikin, ní ojú ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì, ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìdí méjì ni ó fà á. Èkíní, ọ̀nà náà jẹ́ èyí tí ń fi ìyà jẹ ẹsẹ̀ ọkọ̀ púpọ̀. Èkejì, ìlú tí a ti ń kọ́ olùkọ́ ni. Ní Ọ̀tọ̀-Ìjànikin ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Adéníran Ògúnsànyà wà, èyí tí ó di Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2022. Àwọn tí ń jáde níbẹ̀ ni yóò kọ́ àwọn ọmọ tí yóò di mẹkáníìkì lọ́la. Bí ọ̀rọ̀-ìperí kò bá wà lẹ́nu olùkọ́, ibo ni ọmọ iṣẹ́ yóò ti rí i?

2. Ọ̀nà, ọkọ̀ àti ẹsẹ̀ ọkọ̀

Ìjànikin wà láàrin Okokomáíkò àti Àgbárá, lójú ọ̀nà tí ó lọ sí ẹnu ibodè Sèmè, tí ó sì so Nàìjíríà mọ́ Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà. Ilẹ̀ iyanrìn ni ilẹ̀ agbègbè náà, omi kò sì jìnnà sí i. Bí òjò bá rọ̀ tí omi kò rí ibi gbà, ọ̀dà ojú títì a máa hó, kòtò a sì yọjú. Ní 2009 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti mú ọ̀nà náà fẹ̀ sí i láti apá Èkó wá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni iṣẹ́ náà fi ń lọ, tí àwọn awakọ̀ sì ń gba inú yẹ̀pẹ̀ àti gẹ́rẹ́gẹ̀rẹ́ kọjá. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ń lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ Àgbárá náà ń dá kún ìbàjẹ́ ojú títì. Ìgbàkigbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá já sí kòtò, agbára tí ó bá a lè tẹ irin tí ó di ẹsẹ̀ náà mú, tàbí kí ó mú oríkèé rẹ̀ yẹ̀.

Ohun mìíràn tí ó yẹ kí a rántí ni pé ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ lápá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún. Ojú títì kì í tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n a máa mú un rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí omi òjò lè ṣàn lọ. Níwọ̀n ìgbà tí apá ọ̀tún jẹ́ ẹ̀gbẹ́ títì, ọkọ̀ tí kò ní àrùn kankan lè rọra máa tẹ̀ sí ọ̀tún. Ẹni tí kò mọ èyí lè ná owó lórí ohun tí kò bàjẹ́.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀. Fún ọdún púpọ̀, ọ̀nà Sèmè jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ọ̀nà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbà wọlé láti Kútọnu, títí ìjọba àpapọ̀ fi fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017. Àwọn kan nínú ọkọ̀ wọ̀nyí ti ní jàǹbá rí níbi tí wọ́n ti wá. Àwọn mìíràn wá láti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wakọ̀ lápá òsì, tí wọ́n sì ní láti ṣí ìtọ́kọ̀ wọn láti ọ̀tún sí òsì. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nílò àyẹ̀wò ìdúró ẹsẹ̀ ju ọkọ̀ mìíràn lọ. Ẹ kíyè sí i pé tòkunbọ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun, kí àwọn ènìyàn tó fi í pe ọjà. Kò sí ìgbìmọ̀ tí ó jókòó ṣe é, síbẹ̀ gbogbo ayé ló gbà á.

3. Ọ̀nà tí Yorùbá gbà ń sọ ọkọ̀ lórúkọ

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí a bá wo ilé, a ó rí i pé Yorùbá ti ń sọ apá ara ọkọ̀ lórúkọ tipẹ́, láti inú ohun tí ó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ara ẹṣin ni a ti mú ìjánu, èyí tí a fi ń dá ọkọ̀ dúró. Láti ara ọkọ̀ ojú omi ni a ti mú ìtọ́kọ̀; ẹni tí ó bá ka Jákọ́bù orí kẹta nínú Bíbélì Yorùbá yóò rí ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀ fún ohun kékeré tí a fi ń darí ọkọ̀ ńlá lójú òkun. Láti ara ènìyàn ni a ti mú ojú ọkọ̀, imú ọkọ̀ àti ẹsẹ̀ ọkọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ wọ́ kò sọ ohun àjèjì.

Iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé náà wà nílẹ̀. Ní 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí Babátúndé Fáfúnwá ṣe aṣáájú rẹ̀, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà. Ní 1984 ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde, lórí ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí fi hàn pé ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni a lè gbà: kí a fẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lójú, kí a fi ẹ̀yà ọ̀rọ̀ ṣẹ̀dá tuntun, tàbí kí a yá ọ̀rọ̀ wọlé. Inú kíláàsì ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìn ín. Abẹ́ igi mẹkáníìkì ni ó kù kí a gbìn ín sí.

4. Ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu àwọn oníṣẹ́

Nínú ọgbà mẹkáníìkì, irú ọ̀rọ̀ méjì ni a ó máa gbọ́. Irú kìíní ni àwọn ọ̀rọ̀ àyálò: àláímẹ́ǹtì, báláńsì, káńbà, kásítà, tóò. Irú kejì ni àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá tí wọ́n fi ń sọ àìsàn ọkọ̀: ọkọ̀ ń fà sí ọ̀tún, ìtọ́kọ̀ ń gbọ̀n, táyà ń jẹ inú, táyà ń jẹ ìta.

Àwọn ọ̀rọ̀ irú kejì ni ó kún fún ìmọ̀. Fà, gbọ̀n àti jẹ kì í ṣe ohun kan náà, wọn kì í sì í wá láti orísun kan náà. Ọkọ̀ tí ń fà ní àrùn ìdúró ẹsẹ̀, tàbí kí afẹ́fẹ́ táyà méjèèjì má dọ́gba, tàbí kí ìjánu ẹ̀gbẹ́ kan máa há. Ìtọ́kọ̀ tí ń gbọ̀n nígbà tí eré bá pọ̀, tí kò sì gbọ̀n nígbà tí ọkọ̀ bá rọra ń lọ, sábà máa ń ní àrùn ìwọ̀n: ẹ̀gbẹ́ kan ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà wúwo ju èkejì lọ. Táyà tí ń jẹ ẹ̀gbẹ́ kan ń sọ pé ẹsẹ̀ kò tọ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ irú kìíní, ní tiwọn, a máa da nǹkan rú. Báláńsì ní ọjà Yorùbá túmọ̀ sí owó tí ó kù láti san. Tóò jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a fi ń gbà pé ohun tí a gbọ́ dára. Bí oníṣẹ́ bá sọ fún oníbàárà pé tóò ọkọ̀ rẹ̀ kò dára, ẹ̀rín ni yóò fi dá a lóhùn. Èyí tí ó burú jù ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe àláímẹ́ǹtì àti báláńsì bí ẹni pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n. Ẹni tí ìtọ́kọ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n a sanwó àláímẹ́ǹtì, ìgbọ̀n kò ní lọ. Ẹni tí táyà rẹ̀ ń jẹ inú a sanwó báláńsì, táyà yóò sì máa jẹ lọ. Owó ti lọ, àrùn kò lọ.

5. Ọ̀rọ̀-ìperí tí a dábàá

(a) Ìmẹ́sẹ̀tọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá iṣẹ́ yìí mu ni tọ́, tí òdì rẹ̀ jẹ́ wọ́. Òwe tí ó sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́ fi hàn pé Yorùbá mọ wọ́ gẹ́gẹ́ bí àbùkù ìdúró tí ojú lè rí, tí ọwọ́ àgbà sì lè tún ṣe. Ẹnìkan lè dábàá ìtọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ìtọsẹ̀, ìyẹn títọ ipasẹ̀ ẹni. Bí akọ̀wé kò bá fi àmì ohùn sí i, òǹkàwé yóò ṣìnà. Ó sàn kí a lo mú ẹsẹ̀ tọ́. Bí a ti rí ìmójútó láti inú mú ojú tó, bẹ́ẹ̀ náà ni a ó rí ìmẹ́sẹ̀tọ́ láti inú mú ẹsẹ̀ tọ́. Ìhun kan náà ni, ẹnu kò sì ní kọ̀ ọ́.

(b) Ìmẹ́sẹ̀dọ́gba. Ní ìlànà kan náà, mú ẹsẹ̀ dọ́gba fún wa ní ìmẹ́sẹ̀dọ́gba. Iṣẹ́ yìí ni kí a gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ sórí ẹ̀rọ tí yóò yí i, kí a sì lẹ òjé kékeré mọ́ ibi tí ó bá fúyẹ́, títí ìwọ̀n rẹ̀ yóò fi dọ́gba yí ká. Tọ́ ń sọ nípa ìdúró; dọ́gba ń sọ nípa ìwọ̀n. Ẹni tí ó bá ti mọ ọ̀rọ̀ méjèèjì kò tún ní sanwó ọ̀kan fún èkejì.

(d) Ìkọjú. Èyí ni ibi tí iwájú ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọjú sí bí a bá wò ó láti òkè. Bí iwájú ẹsẹ̀ méjèèjì bá súnmọ́ ara wọn ju ẹ̀yìn wọn lọ, ìkọjúsínú ni. Bí wọ́n bá jìnnà síra ju ẹ̀yìn lọ, ìkọjúsóde ni. Ìkọjúsínú tí ó pọ̀jù a máa jẹ ẹ̀gbẹ́ ìta táyà, ìkọjúsóde tí ó pọ̀jù a sì máa jẹ ẹ̀gbẹ́ inú. Ìṣirò yóò fi bí ó ti le tó hàn: bí ẹsẹ̀ kan bá fi dígírì 1 yà kúrò ní ibi tí ọkọ̀ ń lọ, nínú kìlómítà 1 kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ bá rìn, bí mítà 17 ni a ó fi wọ́ táyà náà lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ó yẹ kí onímọ̀ èdè kíyè sí i pé wọ́ tí ó jẹ́ òdì tọ́ àti wọ́ tí ó jẹ́ fífà nílẹ̀ ní ìró kan náà: ẹsẹ̀ tí ó bá wọ́, ilẹ̀ ni a ó máa wọ́ ọ.

(e) Ìfì. Èyí ni bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti dagun sí ẹ̀gbẹ́ bí a bá dúró níwájú ọkọ̀ wò ó. Bí orí ẹsẹ̀ náà bá tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ara ọkọ̀, ìfìsínú ni. Bí ó bá tẹ̀ síta, ìfìsóde ni. Ìfìsínú tí ó pọ̀jù ń jẹ ẹ̀gbẹ́ inú táyà, ìfìsóde sì ń jẹ ẹ̀gbẹ́ ìta. Bí ìfì ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì kò bá bára mu, ọkọ̀ yóò fà sí ẹ̀gbẹ́ tí ìfìsóde rẹ̀ pọ̀ jù.

(ẹ) Ìfìsẹ́yìn. Òpó ìyípo ni ìlà tí ẹsẹ̀ iwájú ń yí ká nígbà tí awakọ̀ bá yí ìtọ́kọ̀. Orí òpó yìí a máa tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí irin tí ó di ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ ológeere mú ti tẹ̀ sẹ́yìn. Òun ni ó ń jẹ́ kí ìtọ́kọ̀ padà sí ààrin fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá yà. Ó dà bí ẹni pé ìfẹ̀yìntì ni ó yẹ kí a pè é, ṣùgbọ́n gbogbo òṣìṣẹ́ ló mọ ohun tí ìfẹ̀yìntì jẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò fẹ́ gbọ́ pé ọkọ̀ òun ní ìfẹ̀yìntì tí ó kéré. Ìfìsẹ́yìn ṣe kedere, ó sì bá ìfìsínú àti ìfìsóde rìn. Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ tẹnu mọ́ ni pé nínú ìfìsínú àti ìfìsóde, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni ó fì. Nínú ìfìsẹ́yìn, òpó ìyípo ni ó fì.

6. Lílo ọ̀rọ̀-ìperí láti yan ilé iṣẹ́

Lójú ọ̀nà Àgbádárìgì àti ní ibikíbi ní ilẹ̀ wa, oríṣi mẹ́ta ni ibi tí a lè gbé ọkọ̀ lọ: ọ̀dọ̀ fọ́káníṣà tàbí mẹkáníìkì tí ń fi okùn àti rúlà wọn ẹsẹ̀ ọkọ̀; ilé ìtajà táyà tí ó ní ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà; àti ilé iṣẹ́ àwọn tí ń ta ọkọ̀ tuntun. Kò yẹ kí a fi ojú ẹ̀gàn wo olókùn, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a sin ẹ̀rọ. Abèèrè kì í ṣìnà. Àwọn ìbéèrè tí ó tẹ̀lé e yìí ni yóò ya ilé iṣẹ́ rere sọ́tọ̀.

Ìbéèrè kìíní: kí ni ẹ óò wọ̀n? Okùn lè fi ìkọjú hàn, ṣùgbọ́n kò lè wọn ìfìsẹ́yìn. Lórí táyà tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 60, ìdajì dígírì jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 5 láàrin iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ojú àgbà oníṣẹ́ lè rí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá dígírì jẹ́ mìlímítà 1 péré, okùn kò sì lè fi í hàn dáradára. Nítorí náà, okùn lè gba ènìyàn kalẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá já sí kòtò, kí ó lè délé. Iṣẹ́ àṣepé ń fẹ́ ẹ̀rọ.

Ìbéèrè kejì: ẹsẹ̀ méjì ni tàbí mẹ́rin? Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tí kò kọjú síbi tí ó yẹ yóò máa ti ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, awakọ̀ yóò sì máa di ìtọ́kọ̀ mú ní wíwọ́ kí ọkọ̀ lè lọ tààrà. Bí a bá tún ti iwájú nìkan ṣe, a kò tíì débẹ̀.

Ìbéèrè kẹta: kí ni ẹ óò kọ́kọ́ yẹ̀ wò? Oníṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ wo afẹ́fẹ́ táyà, ìjẹ táyà, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, táì-rọ́ọ̀dù àti bọ́ṣìn. Bí oríkèé bá ti yẹ̀, títún ìdúró ẹsẹ̀ ṣe lórí rẹ̀ dà bí ẹni ń rọ omi sínú agbọ̀n. Lẹ́yìn tí a bá pààrọ̀ irú irin bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ìmẹ́sẹ̀tọ́ tẹ̀lé e.

Ìbéèrè kẹrin: èwo ni ó ṣeé yí lára ọkọ̀ yìí? Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké, ìkọjú nìkan ni ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ fi àyè yíyí sí. Bí oníṣẹ́ bá gba owó ìkọjú, ìfì àti ìfìsẹ́yìn lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó fi irin tí ó yí han oníbàárà.

Ìbéèrè karùn-ún: níbo ni ìwé rẹ̀ wà? Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà lè tẹ ìwé tí ó fi ìwọ̀n hàn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ náà fọwọ́ sí. Ìwọ̀n wọ̀nyí yàtọ̀ láti oríṣi ọkọ̀ kan sí èkejì. Ẹni tí ó bá fi ìwọ̀n ọkọ̀ kan tún òmíràn ṣe ti ṣe àṣìṣe. Ìwé náà ni ẹ̀rí, ẹnu lásán kọ́.

Ìbéèrè kẹfà: ta ni yóò gbé ọkọ̀ jáde wò? Ó yẹ kí oníṣẹ́ wà á lójú títì, kí ìtọ́kọ̀ wà láàrin bí ọkọ̀ bá ń lọ tààrà. Nígbà náà ni ìmọ̀ nípa títì tí ó rọ̀ sí ọ̀tún yóò wúlò: ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́ ni a ti ń dán an wò.

Ẹ̀rọ tí ó dára, tí a gbé sórí ilẹ̀ tí kò tẹ́, tàbí tí a kò yẹ òṣùwọ̀n rẹ̀ wò láti ọjọ́ pípẹ́, irọ́ ni yóò máa fi kọ̀ǹpútà pa. Nítorí náà, ẹni tí ń lo ẹ̀rọ ni kí a yàn ṣáájú ẹ̀rọ.

7. Àríyànjiyàn tí ó lè wáyé

Àwọn kan lè sọ pé àláímẹ́ǹtì ti wọ ẹnu àwọn ènìyàn, pé kò sí ìdí fún ìmẹ́sẹ̀tọ́. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìperí kì í lé ọ̀rọ̀ àyálò jáde ní ọjọ́ kan, kò sì pọn dandan kí ó lé e. Táyà kò ní padà di ohun mìíràn mọ́, ó sì ti di Yorùbá. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàrin orúkọ ohun tí ojú ń rí àti orúkọ ohun tí ọkàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lóye. Gbogbo ènìyàn ló ń rí táyà. Kò sí ẹni tí ń rí káńbà. Níbi tí ojú kò bá ti ríran, ọ̀rọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ ṣe atọ́nà. Ìfìsínú ń sọ ohun tí ó jẹ́ fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Káńbà kò sọ nǹkan kan.

Àwọn mìíràn lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà gùn. Ìmẹ́sẹ̀tọ́ ní sílébù mẹ́rin. Àláímẹ́ǹtì kò kúrú jù ú lọ.

8. Àkójọ ọ̀rọ̀-ìperí

Ìmẹ́sẹ̀tọ́: títún ìdúró ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe kí ó lè bá ìwọ̀n tí a là sílẹ̀ mu.
Ìmẹ́sẹ̀dọ́gba: mímú kí ìwúwo ẹsẹ̀ ọkọ̀ dọ́gba yí ká.
Ìkọjú: igun tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ fi yà kúrò ní ọ̀nà tààrà, bí a bá wò ó láti òkè.
Ìkọjúsínú, ìkọjúsóde: ìkọjú sí ìhà inú tàbí sí ìhà ìta.
Ìfì: igun tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ fi dagun sí ẹ̀gbẹ́, bí a bá wò ó láti iwájú.
Ìfìsínú, ìfìsóde: ìfì sí ìhà inú tàbí sí ìhà ìta.
Òpó ìyípo: ìlà tí ẹsẹ̀ iwájú ń yí ká bí a bá yí ìtọ́kọ̀.
Ìfìsẹ́yìn: igun tí òpó ìyípo fi tẹ̀ sẹ́yìn, bí a bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́.
Ìtọ́kọ̀: ohun tí awakọ̀ ń yí láti darí ọkọ̀.

9. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé yíyan ibi tí a ó ti tún ìdúró ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó tàbí ti ẹ̀rọ nìkan. Ọ̀rọ̀ èdè ni pẹ̀lú. Àwọn oníṣẹ́ ti fi fà, gbọ̀n àti jẹ ṣe ìpìlẹ̀ tí ó lágbára. Ohun tí ó kù fún àwọn olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè ni kí wọ́n mọ ilé lé e lórí. Ó yẹ kí a gbé àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lọ sí ọgbà mẹkáníìkì, kí a gbọ́ èyí tí ẹnu wọn gbà àti èyí tí ó kọ̀, kí a sì tún un ṣe. Bí ọmọ iṣẹ́ kan ní Ìjànikin bá lè dúró níwájú ọkọ̀, kí ó sì ṣàlàyé fún oníbàárà ní èdè tí àwọn méjèèjì gbọ́ pé ìfìsínú ẹsẹ̀ òsì pọ̀jù, oníbàárà yóò mọ ohun tí ó ń sanwó fún, ọmọ iṣẹ́ náà yóò sì mọ ohun tí ó ń ṣe.